Àwo Ẹ̀wà Kejì

Obìnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rosaline wá sí Igbó-Ọrà nítorí àwa ìbejì, ó sì gbé ìwé kan dání tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Ìtàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n bí mọ́ bàbá náà ní ìbejì bá jagun lọ sí Rọ́ṣíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ìtàn ni wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀ fún un.

Ó ka díẹ̀ fún mi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lọ. Àwọn tó padà ò kún ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo bi í pé abúlé mélòó ni wọ́n dáná sun níbẹ̀. Ó ní ìwé náà ò sọ ọ́. Inú bí mi. Ìwé nípọn tó báyìí, wọn ò ráyè kọ ìyẹn!

Ìyá mi wọlé, ó gbé àwo ẹ̀wà méjì síwájú mi, bó ti ń ṣe láti ọdún méje. Rosaline bi mí pé ta ló ni ìkejì.

“Kẹ́hìndé ni,” mo dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ayé wò. Ṣọ́jà ni. Àwọn ológun kọ̀wé sí wa láti Borno pé àwọn ò rí i. Ṣùgbọ́n Sàláúdéènì, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, ti sọ fún mi lẹ́yìnkùlé pé òun bá wọn sin ín. Mi ò lè sọ fún ìyá mi. Bí mo bá ti rí àwo yẹn, mo máa ń rò pé ó ṣì ń retí ọmọ rẹ̀, ọkàn mi a sì gbọgbẹ́.

Rosaline ṣí ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọn ò rí sí, ó fi ìka lé ọ̀kan. Ó ní bàbá òun rí ìkejì rẹ̀ níbi tó kú sí nínú yìnyín, ṣùgbọ́n kò sọ fún ìyá wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá náà fi jókòó lójú fèrèsé, tó ń wọ̀nà, títí òun náà fi kú.

“Kí ló sọ?” ìyá mi bèèrè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí kò ti sọ fún ìyá wọn, omijé bọ́ lójú mi.

Ìyá mi nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀.

“Táyé, ọjọ́ tí Sàláúdéènì wá, tí kò lè wojú mi, ni mo ti mọ̀. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń bu méjì, kí Kẹ́hìndé má baà ní a fi oúnjẹ du òun, kó wá pè ọ́ lọ. Mo kàn ń dúró kó o fẹnu ara rẹ sọ fún mi ni.”

Ìgbà yẹn ló tó jókòó tì mí, àwa méjèèjì wá jọ sun ẹkún ọdún méje.