Ẹran Iléyá Tíṣà

Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ mi, pè mí láti Ìbàdàn pé kí n wá lo ọdún Iléyá lọ́dọ̀ òun, kí n má dá nìkan wà nínú ilé. Mo ní n kò lè wá. Ta ni yóò gba ẹran tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbé wá? Onígbàgbọ́ ni wá, a kì í pa àgbò, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, abọ́ ẹran tó ń wọlé wa láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí àdúgbò máa ń tó mẹ́wàá.

"Màámi, ẹ ti ń overrate ara yín jù," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ẹdẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń sọ fún wọn pé overrate ni kí èèyàn ka nǹkan sí ju bó ṣe tó lọ, bí agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wọlé rí.

Lọ́jọ́ ọdún, mo lọ ata sílẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàndá ọkọ mi, tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe, ti kú láti oṣù kejì. Àwọn tó ń gbé abọ́ kọjá ń kí mi, "Ẹ kú ọdún, ma," wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Inú bí mi gan-an. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ìbínú náà lọ, ó wá ku èmi nìkan.

Ìgbà yẹn ni Sìmbíátù, télọ̀ kan ládùúgbò, yà wọlé pẹ̀lú abọ́ kan.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ò ní í gbàgbé mi!" ni mo wí. "Kíláàsì wo ni mo ti kọ́ ẹ?"

"Ẹ ò kọ́ mi rí, ma. Bàbá ló máa ń tún máṣíìnì mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo àwa télọ̀ la máa ń gbé ẹran wọn wá. Àwọn tó kù ní Bàbá ò sí mọ́. Èmi ní kí n ṣáà gbé tiwọn wá."

Mo dúpẹ́, mo gba abọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn.

Ìyàndá ló máa ń gba ẹran yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Á gbé e wá bá mi ní kíṣìnì, á ní, "Tíṣà, àwọn ọmọ rẹ tún ti rántí ẹ o." Èmi á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.