Àpótí Kékeré Tó Wà Níwájú Orúkọ Bàbá Jẹ́jẹ́

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí aránṣọ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jọ ní, kò sẹ́ni tó fojú rí i rí. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ méjìlá ló wà nínú líìgì náà, ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ sì nìyí. Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, ìyẹn eré tí ẹnì kan máa ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíì á fi igi gbá a, tí á sáré yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá ká kó tó jẹ ayò kan. Ìpele mẹ́sàn-án ni eré kan. Akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni kọ̀ǹpútà náà, òun ni àwọn mánẹ́jà ń fi ìwé ìtò ẹgbẹ́ wọn ránṣẹ́ sí kí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé tó lù. Tó bá ti lù, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ní aago méjì, akọ̀wé á tẹ bọ́tìnì, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sì sọ ni abẹ gé.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lè pè é ní eré ọmọdé. Kó má ṣáà sọ ọ́ níwájú wọn.

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara kan ara wọn, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín, wọn kì í sì í tì í. Kò-kánjú ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí ó lè fi odidi wákàtí kan gé irun ẹni tó ti pá lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní ìnagijẹ kankan. Ẹni tó bá dán an wò mọ bí ṣòkòtò òun ṣe máa há tó tó bá padà wá gbà á.

Nígbà tí wọ́n ń dá líìgì sílẹ̀, aránṣọ yìí ló yan àwọn agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó ti nọ́ńbà wọn. Ṣùgbọ́n orí àga onígbàjámọ̀ ni akọ̀wé wà lọ́jọ́ tó gbé fọ́ọ̀mù wá, àbúrò ló sì ní bírò lọ́wọ́. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú "mánẹ́jà", ó kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú "igbákejì". Kò fi ibi ṣe é. Ó kàn kọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó sórí àga tó bá kọ́kọ́ rí ni. Látìgbà náà, tí wọ́n bá fẹ́ jíròrò, orí àga oníbàárà, èyí tó ń yí, tó ń lọ sókè tó ń lọ sódò, ni àbúrò máa ń wà. Ẹ̀gbọ́n á wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró, bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó ń dun aránṣọ. Kò gba oorun lójú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún, torí ó dá a lójú pé òun mọ iṣẹ́ yẹn ju ẹni tó ń yí lórí àga lọ.

Ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ méje ló wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí ó fi ìlà pupa àti ìlà búlúù kọ ohun tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe láti ọdún kìíní. Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Orí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn ló jókòó sí tó fi rí gbogbo rẹ̀.

Ohun kan péré ni kò yé e, ìyẹn ọ̀ràn Bàbá Jẹ́jẹ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni ajubọ́ọ̀lù wọn àgbà. Ẹni ọdún méjìlélógún ni nígbà tí aránṣọ yàn án, ẹni ọdún méjìdínlógójì ni báyìí, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo líìgì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ eré, ńṣe ló máa ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Fún ìpele mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ń rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Tó bá di ìpele keje, àárẹ̀ á mú un, ó ti tú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dé àṣekágbá láàárín ọdún mẹ́jọ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni Bàbá Jẹ́jẹ́ tú ní ìpele keje tí ife ẹ̀yẹ sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yọ ajubọ́ọ̀lù tó bá ti rẹ̀, kó fi ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ́pò. Ó ń ṣe é fún ẹgbẹ́ mọ́kànlá yòókù. Aránṣọ ro ó títí, ó wá gbà pé kọ̀ǹpútà akọ̀wé kórìíra wọn ni.

Kò rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní Sátidé fúnra rẹ̀ rí. Òfin líìgì ni pé mánẹ́jà nìkan ló ń kọ ọ́. Igbákejì á mú orúkọ wá, mánẹ́jà á kọ ọ́, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, á sì fi ìwé náà há ìṣó tó wà lẹ́yìn dígí.

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, aránṣọ la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú akọ̀wé. Ó ní, "Bí a bá gba ife lọ́dún yìí, wà lórí àga rẹ títí ayé, o ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Bí a ò bá gbà á, èmi ni mánẹ́jà." Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Sátidé àṣekágbá fi pé. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin kan tó ń tún páìpù omi ṣe wà lórí àga, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, onígbàjámọ̀ sì ti fá èkejì tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ké sí i láti ẹnu ilẹ̀kùn, "ẹ dákun, ẹ bá mi ya fọ́tò ìwé tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ọṣẹ ti kún ọwọ́ mi."

Aránṣọ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó wọlé, ó mú ìwé. Orúkọ mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ bó ṣe tò wọ́n. Níwájú orúkọ Bàbá Jẹ́jẹ́, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Má yọ ọ́ títí eré yóò fi parí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti fa máàkì sínú rẹ̀, ó tún fi bírò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè hàn dáadáa.

Ó dúró. Ó gba ẹ̀yìn dígí lọ, ó tú ìwé tó wà lórí ìṣó, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Máàkì ti ọdún tó kọjá wà níbẹ̀. Ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ náà. Ti ọdún mẹ́jọ, gbogbo eré tí Bàbá Jẹ́jẹ́ jù, kò fo ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀yin náà ì bá rò ó. Gbogbo ohun tó kù fún un ni kó ya fọ́tò ìwé náà bó ṣe wà, kó fi ránṣẹ́, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ìpele keje, Bàbá Jẹ́jẹ́ á tú, ife á lọ, àga tó ń yí á di tirẹ̀. Kò ní purọ́, kò ní jalè. Wọ́n kàn ní kó ya fọ́tò ni. Ó gbé fóònù sókè, ó rí ìwé náà nínú rẹ̀ ketekete, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Kò-kánjú," ló pè é.

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò lọ́rùn oníbàárà.

"Ta ló ní kó o máa fa máàkì síwájú Bàbá Jẹ́jẹ́?"

"Ìyẹn?" Ó nu abẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà mà ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ọmọ ogún ọdún wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì lójú gbogbo èèyàn? Irú ìwà wo nìyẹn?"

"Lójú èèyàn wo?"

Ó ro ó díẹ̀. "Lójú àwọn tó wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin onípáìpù, ó sì rántí pé abẹ ṣì wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó yáa gbé ẹ̀rín náà mì.

"Nọ́ńbà ni Bàbá Jẹ́jẹ́," ni aránṣọ wí. "Ojú kì í tì í. Ó kàn máa ń rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún kìíní ló ti ń sìn wá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. A kì í lé àgbà dìde."

"Mo wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ta ni àgbà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Orí kí ni mo ń jókòó sí láti ọdún mẹ́rìndínlógún?"

Onígbàjámọ̀ wo bẹ́ǹṣì. Ó wo àga. Ọṣẹ ti ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbàárà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin onípáìpù wí jẹ́ẹ́, "mi ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n apá kan ló kù."

Àbúrò kò gbọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá dákẹ́ ni, ọwọ́ yín ni àga ì bá wà lónìí. Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún mi?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló dáhùn. "Èmi ni mo yan ẹgbẹ́ yìí. Mi ò ní dúró kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí àga. Mo mọ̀ pé a máa gba ife lónìí tó o bá pa máàkì yẹn rẹ́. Mo ti kà á. Pa á rẹ́."

Onígbàjámọ̀ fi tówẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́, ó mú bírò, ó fa ìlà gba àárín máàkì náà. Ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́, ó dà bíi pé Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń bẹ̀. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìwé náà lọ.

Ní aago méjì, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù ní ìpele ìpele. Ọkùnrin onípáìpù ti fárùngbọ̀n tán tipẹ́, kò lọ. Bàbá Jẹ́jẹ́ jù ú bó ṣe máa ń jù ú. Nígbà tí ìpele kẹfà parí, ayò mẹ́ta sí méjì ni, àwọn tiwọn ló ṣíwájú. Fóònù dákẹ́, ó tún dún. Aránṣọ kà á sókè: "Ìpele keje. Bàbá Jẹ́jẹ́ jáde."

Onígbàjámọ̀ dìde dúró fún un, ó sì bọ́ fìlà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a wí.

Ọmọ ogún ọdún bọ́ sí pápá. Ìpele keje, kò sẹ́ni tó jẹ ayò. Ìpele kẹjọ, kò sẹ́ni. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà tí ìpele kẹsàn-án parí, mẹ́ta sí méjì náà ni. Onígbàjámọ̀ sunkún, kò sì fi pamọ́. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ló rántí àdéhùn. Ó gbé e mì bí oògùn, ó ní, "Wà lórí àga rẹ. O ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́." Ó sì padà sídìí ẹ̀rọ, torí ṣòkòtò mẹ́rin ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àbúrò rẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn àárín wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ọdún tuntun, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó ń rán. Orúkọ aránṣọ ló wà níwájú "mánẹ́jà". Ti onígbàjámọ̀ wà níwájú "igbákejì". Fọ́ọ̀mù yìí kò ní àpótí kankan, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ ti fi bírò ya ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ "Má yọ ọ́ títí eré yóò fi parí" sí i, ó sì fa máàkì sínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Aránṣọ wò ó títí. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n wà lórí àga mi títí ayé. Àga mi ni lóòótọ́, mo sì lè fi ta ẹni tó bá wù mí lọ́rẹ. Mo ti nu ún fún yín."

Aránṣọ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà gba àárín máàkì náà. "Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, kó o yọ mí."

"Mi ò lè ṣe é. Àgbà ni yín."

"Ohun tó gba ife mẹ́rin lọ́wọ́ wa nìyẹn." Ó dìde, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ keje, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó jókòó sórí àga, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan péré. "Ó yá, máa kọ ọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ máa di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ìpele márùn-ún la ó máa lò ó."

Onígbàjámọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fọwọ́ di ògiri mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àṣé bẹ́ǹṣì yìí ń mì?"

"Ọdún mẹ́rìndínlógún," ló dáhùn. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpele márùn-ún."