Ọ̀pá Ìwọ̀ Bàbá Fèyíkẹ́
Láàárọ̀ Sátidé, Fèyíkẹ́ mú bàbá rẹ̀ lọ sí etíkun lẹ́yìn Ajah, kí Taofeek, apẹja kan níbẹ̀, lè kọ́ bàbá náà bí a ṣe ń ju ìwọ̀ sínú òkun. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ti jù ú, Taofeek á gba ọ̀pá náà, á tún un jù.

Nígbà tí ẹja wá gbé ìwọ̀ mì, Taofeek já ọ̀pá gbà. Okùn já, ẹja lọ.

"Ṣé èmi ni mo wá pẹja ni, àbí ìwọ?" Bàbá jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò fẹ́ kó bọ́ ni."

Bàbá mú ọ̀pá mìíràn, wọ́n nìkan lọ dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá ò rí ẹja kankan pa títí oòrùn fi mú. Fèyíkẹ́ ní kí àwọn máa lọ sílé. Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, wọ́n tún ju ìwọ̀ sínú òkun.