Ago Kẹrin àti Ago Kẹsàn-án

Nǹkan márùn-ún ló ti wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ago kìíní. Olórí adájọ́ fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́. Nígbà tó dé, lọ́fínńdà tó fín sára ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó sì gba gbogbo yàrá tí kò yẹ kó ní òórùn kankan. Mińtì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ máa fi nu ẹnu láàárín ago kan sí òmíràn jẹ́ búrẹ́dì aládùn, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò ní ṣúgà rárá ni wọ́n ti béèrè. Ìkarùn-ún ni pé ago kékeré kan yọ̀ bọ́ nínú bàsíà, ó fọ́, ó wá ku mẹ́jọ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti nílò mẹ́sàn-án. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀bi àwọn àgbà. Ìkarùn-ún jẹ́ ẹ̀bi Akọ̀wé.

Akọ̀wé ni gbogbo ilé-ọtí ń pe ọmọbìnrin náà, kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti yunifásítì dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí nínú ìmọ̀ oúnjẹ, oṣù mẹ́ta ló tíì lò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó sọ fún ọ̀gá pé omi gbígbóná nìkan kò lè fọ páìpù bíà mọ́, ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ yí padà. “Akọ̀wé ń bọ̀ o! Ẹ ṣọ́ra, yóò kọ yín sílẹ̀!”

Tápù mẹ́jọ ló wà lórí káńtà ilé-ọtí náà, bíà eléso tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn pọn nílé ló sì ń jáde láti ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń tọ́ ọ wò. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù, òun ni yóò gba tápù kìíní, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa ń kọ́kọ́ rí. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù, wọn yóò tú tápù rẹ̀ kúrò, wọn yóò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Bàbá Wẹ́dà ló ni tápù keje. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin náà fi jó irin pọ̀, títí iná fi gba agbára ojú rẹ̀. Kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kó àwọn páànù tó kù sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jọ, ó fi wọ́n ṣe ìkòkò ńlá mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà mángòrò. Ilé-ọtí mìíràn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tú tápù keje, ìkòkò mẹ́ta náà yóò di ibùgbé aláǹgbá, ọwọ́ tí kò mọ bí a ti ń ṣàìṣiṣẹ́ yóò sì máa wo ara rẹ̀.

Iṣẹ́ Akọ̀wé lọ́jọ́ náà ni kó máa da bíà sí ago ní yàrá ẹ̀yìn, kó fi nọ́ńbà sí i, kí adájọ́ má baà mọ tápù tó ti wá. Ó sì ṣe ohun kan tí olùkọ́ rẹ̀ fi kọ́ ọ: bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ahọ́n kan yè kooro, gbé ọtí kan náà fún un lẹ́ẹ̀mejì, ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bíà mẹ́jọ, ago mẹ́sàn-án. Ó ká ìwé mẹ́jọ, ó di ojú, ó sì mú ọ̀kan: mángòrò. Ó kọ ẹni tó ni ago kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ó lẹ àpò rẹ̀ pa, ọ̀gá sì fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá ti ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan nìyẹn.

Ago kan tó fọ́ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tó kan ago kẹsàn-án, kò sí ago kékeré mọ́. Akọ̀wé mọ̀ pé gbogbo ago gbọ́dọ̀ jọra. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n àkókò ti lọ, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àwọn àlejò pàtàkì, ó mú gíláàsì kan tó ní ẹsẹ̀ gígùn tín-ín-rín, ó dà á sínú rẹ̀.

Ahọ́n Wúrà ni orúkọ ìnagijẹ olórí adájọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú fura pé òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì rí nílé ìpọntí kan lókè òkun, ọ̀sẹ̀ méjì náà kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún wá. Adájọ́ kejì ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ já fáfá ju bí òun fúnra rẹ̀ ti gbà lọ. Ago kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń tọ́ wò.

Òfin mẹ́ta péré ni Akọ̀wé lẹ̀ mọ́ ògiri: kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí gbogbo adájọ́ yóò fi kọ̀wé tán, kí wọ́n tu ọtí sí bọ́kẹ́ẹ̀tì láìgbé e mì, kí wọ́n má sì béèrè ẹni tó pọn ọ́n. Ahọ́n Wúrà ka òfin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi dé bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu.

“Èmi kì í tu ohun rere dànù,” ó ní. “Akọ̀wé, gbé e wá, ọ̀fun ti gbẹ.”

Ó gbé ago kìíní mì, ó gbé ìkejì tẹ̀lé e. Ìkẹta pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ta sánsán bíi súìtì ọmọdé. Ó fún un ní ogójì nínú àádọ́ta. “Ìwọ̀nyí là ń pè ní bíà eléso! Ṣúgà pé, àwọ̀ pé. Kí lèèyàn tún ń wá?”

Ó dé orí ago kẹrin. Ó mu ún, ó sì fún ojú pọ̀ bí ẹni tó jẹ ewúro.

“Kí lèyí? Omi tí wọ́n fi ṣan àwo mángòrò! Kò dùn, ó kan, èso kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tó pọn èyí, kó padà sídìí iṣẹ́ tó bá ń ṣe tẹ́lẹ̀.” Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì fún un ní méjìlá.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti kọ méjìdínlógójì. Ó gbọ́ ohùn náà, ó wo ojú Ahọ́n Wúrà, ó fa ìlà sórí ohun tó kọ, ó sì kọ mẹ́tàlá.

“Màmá, èrò tiyín ni kí ẹ kọ,” Akọ̀wé sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ọmọ mi, búrẹ́dì ni mo mọ̀. Àwọn ló ti dé òkè òkun.”

Akọ̀wé mọ ohun tó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn. Mángòrò gidi kì í dùn bí oyin nínú bíà. Ìwúkàrà yóò ti jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Ohun tó ń ṣẹ́kù ni kíkan díẹ̀, òórùn èèpo tó jọ ti igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àti adùn kékeré kan tó ń yọjú lẹ́yìn ọ̀fun nígbà tí èèyàn bá ti rò pé ó ti parí. Ẹni tó ń wá ṣúgà, kó lọ sídìí súìtì. Ṣùgbọ́n òun ló gbé òfin mọ́ ògiri, òun kọ́ ni yóò máa bá wọn rú u. Ó gbé ago karùn-ún wá.

Nígbà tí ago kẹjọ fi tán, ojú Ahọ́n Wúrà ti ń dán, ohùn rẹ̀ ti gbòòrò. Ìgbà náà ni Akọ̀wé gbé gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wọlé. Ọkùnrin náà tún ara rẹ̀ jókòó. Ó di gíláàsì mú ní ẹsẹ̀, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ẹ̀hẹn! Ẹ ò sọ fún mi pé ti òkè òkun wà níbẹ̀.” Ó fà á mu díẹ̀díẹ̀. “Màmá, ẹ tọ́ ọ wò. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe kan lẹ́nu? Kíkan ọlọ́lá ni. Mángòrò tó ní ẹ̀kọ́ ilé! Ẹni tó pọn èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ wa níbí.”

Ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé, ó fún un ní mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ iye kan náà.

Ọ̀gá wọlé, ó wo ìwé máàkì, ó ní ago kẹrin ló kéré jù. Kó tó fa àpò ìwé ya, Bàbá Wẹ́dà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn apọntí ti ń dúró, ilẹ̀kùn kò sì dí ohùn Ahọ́n Wúrà. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo gbọ́ pé omi mángòrò,” ó ní. “Ti òkè òkun tí ẹ yìn lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe tiwa; mángòrò kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, tèmi ni. Ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo de tápù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú.”

“Ẹ dúró ná, Bàbá,” Akọ̀wé ní. “Ọ̀gá, ẹ ka ìwé yẹn dópin, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọ̀gá fa àpò náà ya, ó ń kà á. Ago kẹrin, Bàbá Wẹ́dà. Ó kà á lọ títí ó fi dé kẹsàn-án, ó yí ìwé náà padà bí ẹni pé ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí ló wà níbẹ̀?” Ahọ́n Wúrà béèrè. “Orílẹ̀-èdè wo ni?”

“Bàbá Wẹ́dà,” ọ̀gá ní.

Ìyá Oníbúrẹ́dì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti yọ láàárín ìka rẹ̀. “Háà! Mo ti kọ méjìdínlógójì mi jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ o!”

“Wọ́n dẹkùn fún mi!” Ahọ́n Wúrà fò dìde. “Gíláàsì yẹn ló tàn mí! Ta ló ń fi irú ago bẹ́ẹ̀ gbé ọtí fún adájọ́? Ṣé ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ nílé ìwé nìyẹn?”

“Rárá, sà. Àṣìṣe mi ni gíláàsì yẹn, mo gbà, ẹ kọ ọ́ mọ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ṣé ago lẹ wá mu ni, àbí bíà?”

“Akọ̀wé!” ọ̀gá jágbe. “Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Mo mọ̀ wọ́n, sà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ni pé àwọn ò mọ bíà.”

Ọ̀gá fa Ahọ́n Wúrà sí igun yàrá, bí ẹni pé igun yàrá jìnnà. “Ẹ má jẹ́ kó di ariwo. A ó pa ago kẹsàn-án rẹ́. Ago mẹ́jọ la gbé kalẹ̀, ó tán. Ẹni tó ṣìkejì á gba tápù kìíní. Bàbá Wẹ́dà náà kì í ṣe oníjà èèyàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Ahọ́n Wúrà ní, ohùn rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò. “Ohun tí mo sọ sí ago kẹrin, mo dúró lé e.”

Bàbá Wẹ́dà ń wo gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lórí tábìlì, tí ìwọ̀nba bíà rẹ̀ ṣì ń tàn yòò sí oòrùn fèrèsé, àfi bí ẹni tó rí ọmọ ara rẹ̀ nínú aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà sí káńtà, ó sì gbé sípánà lé ọrùn tápù keje.

Akọ̀wé kó ìwé ìdájọ́ méjèèjì tí Ahọ́n Wúrà kọ, ti ago kẹrin àti ti ago kẹsàn-án, lórí tábìlì. Ó rìn lọ sí igun yàrá, ó nà wọ́n síwájú Ahọ́n Wúrà, kò sì kúnlẹ̀.

“Ọwọ́ yín ló kọ ọ́, sà, lórí bíà ọkùnrin kan ṣoṣo, láàárín wákàtí kan. Ẹ wá sọ́dọ̀ Bàbá níbi tí wọ́n dúró sí. Ẹ wo ojú wọn, kí ẹ fi ẹnu yín ka méjèèjì sí wọn létí, láti òkè délẹ̀, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kankan, kí ẹ sì dá wọn lóhùn: ṣé tápù keje ni kí wọ́n fi sípánà yẹn tú, àbí tápù kìíní ni kí wọ́n fi dè?”