Ẹ Má Pa Àwẹ̀ró

Tí mo bá fọwọ́ sí i báyìí, ó kú nìyẹn. Ó parí. Kóredé á gbé ojú ewé yìí sórí ẹ̀rọ, Àwẹ̀ró á sì kú nínú ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà, lórí ẹní tó ti ya, láìsí ẹni tó máa bu omi sí i lẹ́nu. Ẹgbẹ̀rún méjì. Ṣé ìyẹn ò tó ni? Ó tó. Ó yẹ kó tó. Kí ló wá dé tí bírò yìí ò gbéra lórí tábìlì…

Kì í ṣe ẹ̀rù. Inú ló ń bí mi. Àtàárọ̀ tí mo ti wọ ilé ìtẹ̀wé yìí ní Àgídìngbì, láti wá yẹ prúùfù ìwé mi kejì wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ni inú ti ń bí mi. Kóredé tó ń tẹ̀wé fún mi ló fà á. Ó rò pé ẹ̀bùn lòun ń fún mi. "Àǹtí Káótà, màmá kan wá síbí láti Ifákò lánàá. Ẹ̀dà mẹ́wàá ìwé yín àkọ́kọ́ ni wọ́n rà! Wọ́n láwọn gan-an ni Àwẹ̀ró inú ẹ̀. Wọ́n ń jó, Àǹtí. Wọ́n ní kí n snap àwọn pẹ̀lú ẹ̀."

Ó ń jó. Àlàájà Sìlífátù ń jó. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé yẹn kó lè sunkún, kó lè tilẹ̀kùn mọ́rí, kó má lè wo ojú àwọn ará àdúgbò… ó wá ra mẹ́wàá. Ta ló ń ra èébú ara ẹ̀ ní mẹ́wàá?

Kóredé tún sọ nǹkan míì. Mi ò ní í rántí ìyẹn.

Ṣé ó ti gbàgbé ni? Ó lè ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́ta àtoṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ifákò, níbi tá a ti ń rán òfárọ́ọ̀lù fáwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Mo gbálẹ̀. Mo pọnmi. Mo gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ọjọ́ fúrídọ̀ọ̀mù mi wá pé. Ìyá mi se ìrẹsì kúlà mẹ́ta, wọ́n mú Alfa dání láti Àgége. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín èrò, mò ń retí kó gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, kó gbàdúrà sí mi lórí bí gbogbo ọ̀gá ṣe ń ṣe. Àlàájà dìde. Ó na òfárọ́ọ̀lù kan sókè.

"Ẹ wo apá ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ọgọ́rin apá ló gé, òsì ni gbogbo ẹ̀! Ilé-iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ò lápá ọ̀tún? Èmi ò lè gbàdúrà lé irú ọwọ́ yìí. Ìyá Káótà, ẹ máa gbé kúlà yín lọ sílé."

Ẹ máa gbé kúlà yín lọ sílé! A wọ kẹ̀kẹ́, a gbé kúlà lé itan, ìrẹsì ṣì ń gbóná mọ́ wa lára. Ìyá mi ò dárúkọ ọjọ́ náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi náà ò padà lọ bẹ Àlàájà. Kí n lọ bẹ ta ni? Mo gba iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, ní Ògbà, mò ń di ọ̀rá ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n bá sì ní ká lọ jẹun, màá fà sẹ́yìn ògiri, màá máa kọ ìtàn. Mo ní, ó dáa. Sísọ́ọ̀sì tó o fi dù mí, mo máa fi bírò gbẹ̀san ẹ̀ lára ẹ.

Mo sì kọ ọ́ dáadáa. Ọlọ́run gbọ́, mo kọ ọ́ dáadáa. Mo fi ọ̀gá télọ̀ kan sínú ìtàn, tí oríkì ẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, òǹrorò paraku. Mo fi ọmọ iṣẹ́ kan tì í, Hassanat, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ohun tó burú. Hassanat, èmi ni. Nínú ìwé, ọ̀gá ló gé aṣọ bà jẹ́ tó wá dì í lé ọmọlọ́mọ lórí. Èèyàn wo ló máa ka ìyẹn tí kò ní í kórìíra ọ̀gá náà?

Gbogbo wọn ni. Gbogbo wọn pátá ni wọn ò kórìíra ẹ̀!

Gúrúùpù Wàsáàpù àwọn òǹkàwé mi… ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta èèyàn, Àwẹ̀ró ṣáá, Àwẹ̀ró ṣáá. "Ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kò ní í jẹun kọ́mọ iṣẹ́ ẹ̀ má jẹ." Ràbíátù tó ń ta bàtà l'Ópèbí ló sọ ìyẹn. "Tó bá bú ẹ tán, wàá fẹ́ kó tún bú ẹ sí i." Ẹlòmíì ní, "Kò lójú méjì. Ohun tó bá ń bí i nínú, ojú ẹ ló ti máa sọ ọ́." "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí Author, ẹ má pa Àwẹ̀ró ní Part Two o! Tẹ́ ẹ bá pa á, mo máa left gúrúùpù yìí ni." Ta ló wá sọ̀rọ̀ Hassanat? Ẹnì kan péré, Quadri, tíṣà. "Hassanat wo? Ẹni tó ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yẹn? Ṣé ó ṣe nǹkan kan nínú ìtàn yìí ni, àbí mo fo page?"

"Mo fo page." Ẹ gbọ́ o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù lọ́jọ́ náà.

Oríkì yẹn ni. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo ti mọ̀ báyìí. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mi ò yí oríkì rẹ̀. Mo fẹ́ kó dá ara rẹ̀ mọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ arúgbó, nígbà tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí i, kì í pè é ní Sìlífátù rárá. Láàárọ̀ kùtù, kó tó mu omi, á ti bẹ̀rẹ̀: "Àwẹ̀ró, abẹ́rẹ́ kékeré tó rán agbádá ọba, kò ṣẹ́, kò tẹ̀." Àlàájà, bó ṣe le tó yẹn, á kúnlẹ̀, á gborí lé kúńtà, á máa sunkún bí ọmọdé. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo ìgbà tí ìkà obìnrin yìí bá fẹ́ wọlé wá ṣìkà, màá kọ́kọ́ kì í. Mo kì í! Ọmọ Yorùbá bíi tèmi, mo fẹ́ bú èèyàn, mò ń ki oríkì ẹ̀. Ta ni wọ́n ń kì tórí ẹ̀ kì í wú? Mo fẹ́ nàka sí i, ẹní ni mo tẹ́ fún un.

Nítorí náà, nínú ìwé kejì yìí, kò sí oríkì. Mo ti kọ́gbọ́n. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sá lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Àwẹ̀ró mọ́. Hassanat nìkan ló wá dúró lé e lórí. Jẹ́ n kà á. "Ṣó o rí i báyìí? O ní ọwọ́ mi ò ṣe é gbàdúrà lé. Tìrẹ tó ṣe é gbàdúrà lé, ṣó lè lé eṣinṣin lójú ẹ?"

Ó dùn. Ó dùn gan-an ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Hassanat máa sọ ohun tó dùn láti ìgbà tí mo ti bí i. Ó ń dún létí mi bí… Jẹ́ n tún un kà. "Ṣó lè lé eṣinṣin…"

Ẹnu Àlàájà nìyẹn.

Ẹnu ẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń fi ìbéèrè gún èèyàn nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ò lápá ọ̀tún? Ọ̀kan náà ni. Ẹnu ẹ̀ ni mo fi ń bú u. Mi ò ní ẹnu míì. Gbogbo ìwé yìí, níbi tó bá ti dùn, òun ló ń sọ̀rọ̀, níbi tó bá ti gbẹ, èmi ni.

Ìgbà wo ni mo gbà á… Ìgbà gbogbo ni. Ọdún mẹ́ta àtoṣù mẹ́rin. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á máa rán, á máa sọ ìtàn. Ọjọ́ tí òun àti ìyàwó kejì jà nítorí òbúkọ. Ó ń sín òbúkọ náà jẹ, ó ń sín ìyàwó jẹ, ó ń sín ọkọ tó sá wọ ilé ìwẹ̀ jẹ. A ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Èmi dúró nídìí tábìlì, kákí wà níwájú mi, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n dojú aṣọ kan kọ èkejì kí n tó gé e, kí apá òsì lè ní ọ̀tún. Mi ò yí i. Mò ń gbọ́ ti òbúkọ. Mo tẹ́ gbogbo ẹ̀ lójú kan náà, mo sì gé e, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń gé e…

Èmi ni mo gé e.

Mo mọ̀. Mo ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀. Hassanat nìkan ni kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí ìyẹn ló ṣe yẹ kó lé ìyá mi padà níwájú èrò? Kò yẹ. Ó burú. Mi ò ní í dárí jì í. Tó bá wọlé wá nísìnsìnyí, mi ò ní í kúnlẹ̀ kí i.

Kóredé ti yọjú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ọwọ́ mi, ó padà. Ohun tó sọ láàárọ̀ tí mi ò fẹ́ rántí nìyí. Èmi ni mo bi í. Ẹnu mi ló yá. Mo ní, ṣé ó béèrè ẹni tó kọ ọ́? Kóredé ní, "Béèrè kẹ̀? Wọ́n mọ̀ yín! Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ àwọn ló kọ ọ́."

Ọmọ iṣẹ́ mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ó dà bíi kí n fọ nǹkan. Ọmọ iṣẹ́ ta ni? Ẹni tó o lé! Ṣùgbọ́n ta ló tú mi sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún mi. Kò sẹ́ni tó ní ó tó, dìde, máa lọ. Mò ń kọ̀wé, mò ń pè é ní ẹ̀san, gbogbo gbólóhùn tí mo bá kọ tán ni mo máa ń dá dúró díẹ̀, mò ń ronú ohun tí Àlàájà máa sọ sí i.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó sunkún. Inú ń bí mi, inú ń bí mi gidi, bírò ṣì wà lórí tábìlì, mo sì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ní Ifákò, mò ń retí kí Àlàájà gbé ọwọ́ wọn lé mi lórí.