Sàrátù Gbé Búútà Jìnnà

Nígbà tí wọ́n gbé Mùkáílà dé láti ilé ìwòsàn n'Íbàdàn, ara rẹ̀ tó wú bí ẹ̀wà tó mumi mọ́jú ti wálẹ̀. Gbogbo ilé yọ̀. Sàrátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò lè yọ̀ tán. Kíndìnrín ló ń ṣe bàbá, ṣùgbọ́n ohun tí wíwú náà bò mọ́lẹ̀ ni Sàrátù rí nígbà tó ń fi òrí pa á lára: itan tó fi ń rìn lọ sóko kòkó lọ́nà Kuta ti di igi ìdáná.

Àwọn ará Ìwó, ìlú wọn, mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Pé ọ̀wọ̀ àpọ̀jù ń pani ni wọn ò mọ̀. Bàbá ò tíì ní òun fẹ́ omi, ọwọ́ mẹ́ta ti nà án sí i. Bó bá mira báyìí, Ẹfúnróyè àbúrò rẹ̀ ti kọ́ ọ lápá. Orí ẹní ni wọ́n ń gbé omi àlùwàlá bá a, ìjókòó ló sì ń kírun.

“Ìyá Mùrí,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, “mo fẹ́ kírun Iléyá ní yídì. Lórí ìdúró. Wọn ò gbọdọ̀ gbé mi lọ bí àpò kòkó.”

Sàrátù ronú títí. Ọkọ́ tí kì í kan ilẹ̀, ṣebí ìpẹtà ló ń jẹ ẹ́?

Lówùúrọ̀, bàbá wo ẹ̀gbẹ́ ẹní. “Búútà mi dà?”

“Ẹnu ọ̀nà ló wà. Ẹ lọ mú un.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin náà ni. Àbí ẹlòmíì ló fẹ́ lọ yídì?”

Ó fi ọwọ́ tọ ògiri lọ. Nígbà tó padà, òógùn bò ó. Kò pẹ́, búútà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni Ẹfúnróyè ti ká wọn mọ́.

“Háà! Ẹ̀gbọ́n mi ń wọ́ bí ìgbín, ìwọ jókòó, ò ń ṣa ẹ̀wà! Ìyàwó, ṣé opó ló ń wù ọ́ ṣe ni?”

Sàrátù kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, ọkọ mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí kànga. Bí Sàrátù bá ti yọ, àwọn obìnrin á dákẹ́. Ó dùn ún. Ẹ̀rù sì ń bà á: bí bàbá bá ṣubú ńkọ́? Síbẹ̀, kò gbé búútà padà.

Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Mùkáílà dúró kírun Àílà lábẹ́ igi ọsàn. Ó forí kanlẹ̀, kò lè dìde. Ìgúnpá rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò lè pe ẹnikẹ́ni, orí ìrun ló wà. Ẹfúnróyè fò dìde. Sàrátù, tó máa ń kúnlẹ̀ fún un, dúró gbọin-in níwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

“Kúrò lọ́nà!”

“Mi ò kúrò, ọkọ mi. Ẹ lù mí bó bá wù yín.”

Ẹfúnróyè gbé ọwọ́ sókè lóòótọ́. Lẹ́yìn Sàrátù, ohùn kan gbọ̀n jáde:

“Àlááhù Àkúbárù.”

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Orúnkún bàbá ti kúrò nílẹ̀. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì dúró.

Nígbà tó sálámà tán, ó wo àbúrò rẹ̀. “Ẹfúnróyè, díẹ̀ ló kù kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sin mí.” Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìyá Mùrí, búútà yẹn mà jìnnà lónìí o.”

“Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ ná.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lojú rẹ̀ wà. Ó tún ti ń wú díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé búútà, ó lọ pọn omi sí i.