Kànga Ẹ̀gbẹ́ Sàréè

Kànga ẹ̀rọ yìí ń bí Tíṣà Ọmọ́yẹni nínú. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Múyìwá, ọmọ olóògbé, ti Kánádà wá gbẹ́ ẹ sí ní Ìrèlé. Omi odò ni ìyá Múyìwá pọn títí ó fi kú. Bó bá bẹ ọmọ lórí fóònù pé kó gbẹ́ kànga, "Ẹ ṣe sùúrù" ni ọmọ ń wí ṣáá.

Àwọn obìnrin bi Tíṣà ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára táǹkì.

"Wọ́n ní omi yìí pa òùngbẹ ìyá Múyìwá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ṣì lè gbé omi mì ni wọ́n ń lo 'pa òùngbẹ' fún."

Múyìwá bu ife àkọ́kọ́ fún Tíṣà, torí òun ni àgbà. Kò mu ún. Ó dà á sórí sìmẹ́ńtì sàréè.

"Ọ̀rẹ́ mi, omi dé ulé. Dìde, kí o mu."